Ayọ̀ Bánkọ́lé: Ọmọ Tí A Bí Ní Jọ́ọ̀sì, Tó Gbé Ohùn Yorùbá Dé Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni a bí sí ìlú Bìní tàbí tí a tọ́ dàgbà níbẹ̀. Nígbà ìsinmi, tí a bá lọ kí àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà nílé, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pàdé wa. Wọ́n á ní ọmọ Bìní ti dé, wọ́n á ní ohùn wa ń lọ sókè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀. Ẹ̀rín ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dunni díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi yan ìtàn ọkùnrin kan tí a bí jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, tó tún lọ kàwé níbi tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ tí ohùn Yorùbá kò kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Orúkọ rẹ̀ ni Ayọ̀ Bánkọ́lé.

Ìlú Jọ́ọ̀sì ni a bí i sí, ní ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún, ọdún 1935. Theophilus Abíọ́dún Bánkọ́lé, bàbá rẹ̀, ni ó ń tẹ dùùrù tó sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ St. Luke's ní Jọ́ọ̀sì. Olùkọ́ orin ni ìyá rẹ̀ náà, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Queen's School tó wà ní Ẹdẹ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń tẹ dùùrù, tí ìyá rẹ̀ ń kọ́ni lórin, kò níláti wá orin lọ sóde. Inú orin ni wọ́n bí i sí.

Ó ṣì kéré nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Èkó lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà. Baptist Academy ni ó ti kàwé, ó sì wọ ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà Krístì ní Marina. Ẹni tó ń darí orin níbẹ̀ nígbà náà ni Ẹkúndayọ̀ Phillips. Phillips ti lọ kọ́ṣẹ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti wà nídìí dùùrù Kàtídírà náà láti ọdún 1914. Ọdún 1962 ni ó tó fi ipò náà sílẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tó ń ká Phillips lára, nítorí òun náà ni Bánkọ́lé jogún. Nígbà tí àwọn àlùfáà àkọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ohùn orin òyìnbó ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wa lé. Èdè wa sì rèé, bí a bá yí ohùn rẹ̀ padà, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà. Bí ìyàwó bá ń kọrin nípa ọkọ rẹ̀, tí ohùn orin bá wálẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ náà, ó di ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí ọjà. Ẹni tó mọ ohun tí ìyàwó fẹ́ wí yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ṣì í gbọ́. Phillips ní kí orin Yorùbá máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá, èyí tó jáde ní ọdún 1953. Abẹ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni Bánkọ́lé dàgbà sí.

Ní ọdún 1954, ó gba iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Èkó. Ibẹ̀ ló ti bá àgbà ọ̀jẹ̀ mìíràn pàdé, Fẹlá Ṣówándé, ẹni tó ń bójú tó ètò orin níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń ṣiṣẹ́ ìwé lójú mọmọ, ó sì ń kọ orin tirẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tó wà ní Èkó ni ó bẹ̀rẹ̀ orin gígùn kan fún píánò tó ń jẹ́ The Passion, ní ọdún 1956. Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti parí rẹ̀ ní ọdún 1959.

Ọdún 1957 ni ìjọba fún un ní owó ẹ̀kọ́, tó sì wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí Guildhall School of Music and Drama. Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn aláṣẹ ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1880, nínú ilé ìkẹ́rù kan tí a kò lò mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 62 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Orin nìkan ló wà nínú orúkọ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1935 ni wọ́n fi eré orí ìtàgé kún un. Ọdún tí ilé ẹ̀kọ́ náà gba orúkọ tuntun ni a bí Bánkọ́lé ní Jọ́ọ̀sì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé àwọn méjèèjì yóò pàdé.

Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lè gbàgbé ilé. Bánkọ́lé kò gbàgbé. Ní àkókò yìí ni ó kọ Nigerian Suite fún píánò, tó sì fi orúkọ Yorùbá pe ọ̀kan nínú àwọn orin tó wà nínú rẹ̀, Orin fún Òṣùmàrè. Ní ọdún 1959 ó kọ orin Yorùbá mẹ́ta fún ẹni kan tí yóò máa kọrin tí píánò yóò sì máa gbè é. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù fún un ni irinṣẹ́. Ohun tó fi irinṣẹ́ náà ṣe, láti ilé ló ti gbé e wá.

Láti Guildhall ó kọjá sí Clare College ní Cambridge. Ó gba oyè níbẹ̀, ó sì tún gba ìwé ẹ̀rí tó ga jù tí àwọn atẹdùùrù ń gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí Ṣówándé ti gbà ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1964 ó lọ sí Amẹ́ríkà, sí yunifásítì UCLA, láti kọ́ nípa orin àwọn ẹ̀yà ayé. Ní ọdún 1966 ó padà wálé.

Ó padà sí ilé iṣẹ́ rédíò, kó tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní ọdún 1969. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa akẹ́kọ̀ọ́. Bánkọ́lé kò dúró de àwọn tó ti mọ orin tẹ́lẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama jọ, ó sọ wọ́n di ẹgbẹ́ akọrin tó pè ní Choir of Angels. Ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ nínú yunifásítì náà. Ó ń kọ orin tí agbára wọn ká, ó sì ń pa ìlù wa pọ̀ mọ́ dùùrù òyìnbó.

Ní ọdún 1974 ó kọ orin ńlá kan fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀ tí gbogbo Nàìjíríà ń retí. Ẹgbẹ́ akọrin wà nínú rẹ̀, dùùrù wà níbẹ̀, àwọn ohun èlò orin Yorùbá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n sún àjọ̀dún náà síwájú, ó sì di oṣù kìíní ọdún 1977 kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Bánkọ́lé kò rí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1976, wọ́n pa òun àti ìyàwó rẹ̀ ní Èkó. Ẹni ọdún 41 ni. Oṣù méjì péré ló kù kí àjọ̀dún bẹ̀rẹ̀.

Àwa tí a ń gbé ní Bìní mọ àmì FESTAC dáadáa: ojú Ìyọba Idia ni, tí a fi eyín erin gbẹ́, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ láti ààfin Ọba ní ọdún 1897. Nàìjíríà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá wa lò fún àjọ̀dún náà, wọn kò gbà. Agbẹ́gilére ọmọ Bìní ló gbẹ́ irú rẹ̀ mìíràn. Nígbàkígbà tí a bá rí ojú Ìyọba yìí, kí a máa rántí pé ẹnìkan tún wà tó yẹ kó wá síbi àjọ̀dún náà tí kò lè wá.

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Èkíní, ibi tí a bí ènìyàn sí kò lè gba èdè lọ́wọ́ ẹni tó bá dì í mú. Èkejì, ẹni tó bá mọ nǹkan, kó tètè kọ́ ẹlòmíràn, nítorí ọ̀la kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Bí mẹ́jọ péré nínú wa bá lè máa péjọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti kọrin Yorùbá, ohùn wa yóò tọ́, àwọn òbí wa àgbà yóò sì wá nǹkan mìíràn rẹ́rìn-ín sí.

Sùn re o, Ayọ̀ Bánkọ́lé. Ọmọ Jọ́ọ̀sì, ọmọ Yorùbá, ó dàárọ̀.