Bultó: Ọkùnrin tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí eré ìje alùpùpù

Ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ lọ́là ẹni. Ohun tó wu Francisco Xavier Bultó jù láyé ni alùpùpù tí wọ́n fi ń díje. Ìfẹ́ yìí ló mú kó kúrò ní ilé iṣẹ́ tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ jọ fi òógùn ojú wọn gbé dìde.

Ìlú Barcelona, lórílẹ̀-èdè Spain, ni wọ́n ti bí Bultó lọ́dún 1912. Láàárín àwọn ọdún 1940, òun àti Pedro Permanyer dá ilé iṣẹ́ alùpùpù Montesa sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo nǹkan ń lọ geere títí tí ọjà fi dẹnu kọlẹ̀ lápá ìparí àwọn ọdún 1950. Permanyer ní kí wọ́n dáwọ́ eré ìje dúró nítorí owó gọbọi tó ń gbé mì. Bultó fàáké kọ́rí. Lójú tirẹ̀, ibi ìdíje ni wọ́n ti ń mọ àléébù alùpùpù, ibẹ̀ náà ni oníbàárà ti ń mọ èyí tó yẹ kó rà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀, ó jáde lọ́dún 1958.

Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka eré ìje Montesa fi tọ̀ ọ́ lọ pé kí wọ́n jọ dá tiwọn sílẹ̀. Ilé oko Bultó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 1959, alùpùpù wọn àkọ́kọ́, Tralla 101, ti jáde. Bultaco ni wọ́n pe ilé iṣẹ́ náà, ìyẹn Bultó àti Paco, orúkọ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀.

Ṣùgbọ́n Sherpa T ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Eré tí wọ́n ń pè ní trials ni wọ́n ṣe é fún. Nínú eré yìí, kì í ṣe ẹni tó bá sáré jù ló ń borí. Orí àpáta, inú ẹrẹ̀ àti odò ni wọ́n ń gbà kọjá, ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ti jẹ gbèsè máàkì. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ bá kéré jù ló ń gbégbá orókè. Alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń jọba níbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n lágbára, àmọ́ wọ́n wúwo.

Lọ́dún 1964, Bultó pe Sammy Miller, ọmọ Northern Ireland tó jẹ́ ògbóǹtarìgì lórí alùpùpù Ariel, wá sí Spain. Nǹkan bí ọjọ́ 12 ni Miller fi ń dán ọkọ̀ náà wò, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gé irin, tí wọ́n ń jó o pọ̀, títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 244 cc, irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tó 100 kìlógíráàmù.

Lọ́dún 1965, Miller fi í borí nínú ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́fà ti Scotland, èyí tí alùpùpù ilẹ̀ òkèèrè kankan kò gbà rí. Nígbà tí ìdíje àgbáyé sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1975, ọdún márùn-ún gbáko ni Bultaco fi gbà á léraléra: Martin Lampkin gbà á lẹ́ẹ̀kan, Yrjö Vesterinen lẹ́ẹ̀mẹta, Bernie Schreiber ọmọ Amẹ́ríkà sì gbà á lọ́dún 1979.

Ọdún 1979 yẹn gan-an ni ilé dàrú. Ìyanṣẹ́lódì àti àìsówó ló ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà pa. Wọ́n tún un ṣí lọ́dún 1980, àmọ́ ó kógbá sílé pátápátá lọ́dún 1983. Ife ẹ̀yẹ kò sanwó oṣù.

Montesa tó ti kọ eré ìje sílẹ̀ padà wá ṣe alùpùpù trials tirẹ̀, Cota, lọ́dún 1968. Honda ti Japan ló gba ilé iṣẹ́ náà nígbẹ̀yìn, orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́. Ọ̀nà tí Bultó là ni Montesa náà tọ̀.

Bultó jáde láyé lóṣù kẹjọ ọdún 1998, lẹ́ni ọdún 86. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Sete Gibernau, ṣe ipò kejì nínú ìdíje MotoGP lọ́dún 2003 àti 2004. Àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́ sì ń gun Sherpa T lórí àpáta títí dòní.