Olikoye Ransome-Kuti: Dókítà Tó Sọ Òótọ́ Nípa Ikú Àbúrò Rẹ̀

Èèyàn ńlá tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ mú wá lóṣù yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí wọn ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, 1927, àmọ́ Abẹ́òkúta ni wọ́n dàgbà sí. Ìyá wọn ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tí gbogbo wa mọ̀. Fela àti Beko ni àbúrò wọn ọkùnrin. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Dublin, wọ́n sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú ọmọdé ní Yunifásítì Èkó.

Láti 1985 sí 1992, àwọn ni mínísítà ètò ìlera. Ìtọ́jú tó sún mọ́ mẹ̀kúnnù ni wọ́n gbájú mọ́: ilé ìwòsàn àdúgbò, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára fọ́mọ ọwọ́. Àsìkò wọn ni éèdì kọ́kọ́ yọjú ní Nàìjíríà, ní 1986. Ọ̀pọ̀ ń sọ nígbà náà pé irọ́ ni, pé àrùn òyìnbó ni.

Fela gan-an ò gbà pé éèdì wà, kò sì fẹ́ràn oògùn òyìnbó. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó kú l'Ékòó ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, 1997, lẹ́ni ọdún 58. Beko wà lẹ́wọ̀n àwọn ológun. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Olikoye pe àwọn oníròyìn, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé éèdì ló fa ikú àbúrò wọn. Wọn ì bá sọ pé àìsàn ráńpẹ́ ni. Àwọn olólùfẹ́ Fela kan ò gbà gbọ́, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, ó ṣòro kéèyàn sọ l'Ékòó pé àrùn náà ò sí.

Bàbá kú ní London ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, 2003.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà láwọn ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àyẹ̀wò HIV ò ju ẹ̀jẹ̀ ìka díẹ̀ lọ, èsì á sì jáde kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ láwọn ọsibítù ìjọba. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀, tó ń lò ó lójoojúmọ́, kòkòrò náà á lọ sílẹ̀ débi pé àyẹ̀wò ò ní rí i, kò sì ní kó o ran olólùfẹ́ ẹ̀. Aboyún tó ń lò ó lè bí ọmọ tí ò ní in. Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

A ò ní kẹ́nikẹ́ni wá kéde ara ẹ̀ lórí gúrúùpù o. Ohun tá a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ká lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, ká má sì fi ẹni tó ní in ṣe yẹ̀yẹ́, torí ìtìjú ló ń jẹ́ káwọn èèyàn wa sá fún ọsibítù títí á fi bọ́ sórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀dọ́ ilé yín. Ìlú wa á dáa o.