Robert Brown: Ẹni tó rí ijó inú omi

Ẹ̀yin òbí wa ní Utako, bí ọmọ yín bá ń ka físíìsì fún ìdánwò WAEC, orúkọ Robert Brown kò ní ṣàì sí nínú ìwé rẹ̀.

Ọmọ Montrose ní Scotland ni, ọdún 1773 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ ewéko ló yàn láàyò; òun náà ló kọ̀wé lórí ewéko tí wọ́n kó bọ̀ láti odò Kóńgò.

Lọ́dún 1827, ó fi awò asọ-nǹkan-kékeré-di-ńlá wo lẹ́búlẹ́bú òdòdó nínú omi. Ọ̀pọ̀ ìwé ní hóró lẹ́búlẹ́bú yìí ló ń jó. Irọ́ ni, ẹ bá ọmọ yín tún un ṣe: àwọn nǹkan tíntìntín inú hóró náà ni. Brown kọ́kọ́ rò pé ẹ̀mí ló wà nínú wọn. Ó bá lọ dígí, ó lọ òkúta, títí kan èérún ara ère Sphinx ti Íjíbítì. Gbogbo wọn ló ń jó! Bó ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ wó èrò rẹ̀ nìyẹn.

Ó kú lọ́dún 1858 láìmọ ohun tó ń tì wọ́n. Lọ́dún 1905 ni Einstein ṣàlàyé pé hóró omi tí ojú kò lè rí ló ń kọlù wọ́n. Perrin, ará Faransé, wọ̀n ọ́n wò, ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1926.