Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun

Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun (6 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1935 – 23 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1995) jẹ́ oníṣègùn, ọ̀jọ̀gbọ́n àti olùwádìí nípa àrùn ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára, ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ka ìṣègùn yìí lélẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìwádìí rẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́ àti àrùn ẹsẹ̀, lórí àrùn Parkinson, àti lórí ṣíṣarán àwọn àgbàlagbà ni a fi mọ̀ ọ́n jù lọ. Ìlú Ìbàdàn ni ó ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

A bí Ọ̀ṣúntókun ní ìlú Òkèmẹ̀sí, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí. Inú ẹbí tí ó ka ẹ̀kọ́ ìwé sí pàtàkì ni ó ti wá: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olóyè Odùọlá Ọ̀ṣúntókun, jẹ́ mínísítà ní ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, àbúrò rẹ̀, Jídé Ọ̀ṣúntókun, sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Christ's School ní Adó-Èkìtì, lẹ́yìn náà ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn. Ó tún lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ nípa ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, kí ó tó padà wá sí Ilé Ìwòsàn University College (UCH) ní Ìbàdàn. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1970.

Ẹ̀gẹ́ àti àrùn ẹsẹ̀

Ní àwọn ọdún 1960, àwọn aláìsàn kan ń wá sí ilé ìwòsàn tí ẹsẹ̀ wọn ti kú tipiri, tí wọn kò lè rìn láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń di. Àgbẹ̀ àti tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀ṣúntókun tọpasẹ̀ àrùn náà dé abúlé àti ìlú tí ó ti wọ́pọ̀, pàápàá ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti ní Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí ó ṣàkíyèsí ni pé oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni àwọn aláìsàn náà ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, láìsí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tí ó tó nǹkan.

Ẹ̀gẹ́ ní èròjà kan tí ó máa ń di májèlé sáyánáìdì. Rírẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi, fífún omi rẹ̀ dànù àti yíyan gàrí ni ó ń mú májèlé náà kúrò. Bí èyí tí ó ṣẹ́kù bá wọ inú ara, ara máa ń lo èròjà inú oúnjẹ amáradàgbà láti sọ ọ́ di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò rí oúnjẹ bẹ́ẹ̀ jẹ kò ní ohun tí ara rẹ̀ yóò fi jà. Ọ̀ṣúntókun wọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, ó sì wọn bí iṣan wọn ṣe ń gbé iná ìmọ̀lára kọjá. Ní ọdún 1968 ni ó tẹ ìwádìí náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Brain, èyí sì sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ káàkiri àgbáyé. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn padà sí Òsósà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé àrùn náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kan sì ti jiyàn lẹ́yìn náà pé ó lè má jẹ́ sáyánáìdì nìkan ni ó fà á.

Ìwádìí ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ nípa àrùn ọpọlọ ní Áfíríkà kò ju ti àwọn tí wọ́n wá sí ilé ìwòsàn lọ. Nítorí pé àwọn arúgbó tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n tàbí tí iyè wọn ti ra kì í sábà dé ilé ìwòsàn, àwọn kan gbà pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ kò sí láàárín ènìyàn dúdú. Ọ̀ṣúntókun rí i pé a kò lè mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé a lọ ka àwọn ènìyàn ní ilé wọn.

Ní ọdún 1985, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láti ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà, ní agbègbè Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí a ti kọ́ kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè, lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ yẹ àwọn tí a fura sí wò. Ènìyàn 18,954 ni wọ́n kà. Wárápá wà lára àwọn àrùn tí wọ́n bá níbẹ̀, nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 1,000 ni ó ní i. Àrùn Parkinson kò ju nǹkan bí 10 nínú 100,000 lọ.

Dopamine, àrùn Parkinson àti ọjọ́ ogbó

Àrùn Parkinson máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ara le gan-an, kí ìrìn sì falẹ̀. Ohun tí ó ń fà á ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ní àárín ọpọlọ, tí wọ́n ń pèsè èròjà dopamine, ń kú díẹ̀díẹ̀. Dopamine máa ń dín kù nínú ọpọlọ gbogbo ènìyàn bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, ṣùgbọ́n ti alárùn Parkinson ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ a máa fi ìgbì iná bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí onílù ṣe ń fi ìlù pe ara wọn. Dopamine wà lára ohun tí ó ń mú kí ìlù náà rí bí ó ti yẹ. Bí ó bá ti dín kù jù, ìgbì kan tí ó máa ń lù ní nǹkan bí ìgbà 13 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan a gbilẹ̀ jù ní ibi tí ọpọlọ ti ń darí ara, ìrìn a sì di ìṣòro. Oògùn levodopa, tí ọpọlọ ń sọ di dopamine, a máa rẹ ìgbì náà sílẹ̀. Levodopa yìí kan náà wà nínú èso wèrèpè.

Ní ọdún 1979, Ọ̀ṣúntókun àti Bademosi tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 217 tí wọ́n ní àmì àrùn yìí. Ní ọdún 1988, Bruce Schoenberg, Ọ̀ṣúntókun àti àwọn mìíràn fi Igbó-Ọrà wé àwọn ènìyàn dúdú ní àgbègbè Copiah ní ìpínlẹ̀ Mississippi, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Láàárín àwọn tí ó ti ju ọmọ ọdún 39 lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe àtúnṣe fún ìyàtọ̀ ọjọ́ orí, 341 nínú 100,000 ni wọ́n rí ní Copiah, 67 sì ni ti Igbó-Ọrà. Ìyàtọ̀ náà tó ìlọ́po márùn-ún láàárín àwọn tí ìran wọn jọra, èyí sì mú kí àwọn olùwádìí ronú pé ibi tí ènìyàn ń gbé lè ní ọwọ́ nínú àrùn náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n rí ní Igbó-Ọrà kò pọ̀, ẹni tí kò sì rí ìtọ́jú lè tètè kú kí a tó kà á.

Ìdíkàn àti Indianapolis

Ní ọdún 1992, Ọ̀ṣúntókun àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nípa ṣíṣarán láàárín àwọn Yorùbá ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, àti àwọn ọmọ Áfíríkà-Amẹ́ríkà ní ìlú Indianapolis. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbà Ìdíkàn kò ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìbí. Àwọn olùwádìí lo àkójọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí a ti ṣe ní ọdún 1963 láti mọ ọjọ́ orí wọn. Ìdánwò tí wọ́n lò kò gba kí ènìyàn mọ ìwé kà, wọ́n sì tún bi mọ̀lẹ́bí léèrè bí àgbà náà ṣe ń ṣe nínú ilé.

Nínú àgbà 2,494 tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìdíkàn, ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní àrùn náà. Ní Indianapolis, ó jẹ́ 4.82 láàárín àwọn tí ń gbé nínú ilé ara wọn. Ìwádìí mìíràn láti ọwọ́ wọn ní ọdún 1995 fi hàn pé àbùdá APOE ε4, tí ó máa ń pọ̀ lára àwọn alárùn Alzheimer ní ilẹ̀ òkèèrè, kò fi irú ìbátan bẹ́ẹ̀ hàn láàárín àwọn Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ipò tí ó dì mú

Ọ̀ṣúntókun jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn láti ọdún 1974 sí 1978, ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà oníṣègùn ní UCH láti 1985 sí 1990. Ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọpọlọ ti gbogbo Áfíríkà sílẹ̀.

Ikú àti ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀

Ọ̀ṣúntókun kú ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1995, ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Kò tíì pé ọjọ́ orí àwọn àgbà tí ó ń kà ní Ìdíkàn. Àbájáde ìwádìí Ìdíkàn àti Indianapolis jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn tí ó ti lọ. Àwọn tí ó kọ́, tí Adésọlá Ògúnníyì wà lára wọn, ni wọ́n tẹ̀síwájú. Ní ọdún 2001 wọ́n fi hàn pé àwọn àgbà Yorùbá tí àrùn Alzheimer ń mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti Indianapolis jẹ́ 2.52.