Ìtàn Ìgbésí Ayé Fádà Kevin Carroll

Bí ẹ bá gba títì Adó-Èkìtì lọ sí Ìkọ̀lé, ẹ óò kọjá ní Ọyẹ́. Ìlú yìí ni iṣẹ́ Fádà Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà, ti kọ́kọ́ lókìkí. Ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1920. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì tí à ń pè ní S.M.A., àwọn ni wọ́n sì rán an wá sí ilẹ̀ wa.

Ẹ óò ti gbọ́ ọ rí pé abọ̀rìṣà ni àwọn Àgùdà nítorí ère inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kí ni àwọn fúnra wọn wí? Láti ọdún 787 ni àpéjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ti là á sílẹ̀ pé Ọlọ́run nìkan ni à ń sìn. Ọ̀wọ̀ tí a bá fún ère, ti ẹni tí ère náà dúró fún ni. Wọ́n ní nígbà tí Ọmọ Ọlọ́run ti di ènìyàn tí a fojú rí, kò léèwọ̀ kí a ya àwòrán rẹ̀. Ẹ lè má fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ta kò ó, ó yẹ kó lè rò ó bí àwọn tó ni ín ti ń rò ó.

Ẹ̀sùn kan náà ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́, títí kan àwọn Àgùdà, fi ń kan àwọn agbẹ́gilére wa. Carroll kò dá ẹjọ́ náà láìgbọ́ tẹnu oníṣẹ́. Ní 1947, òun àti Fádà O'Mahony dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́, Bándélé ará Ọ̀sì sì wà lára àwọn tó ń gbẹ́gi níbẹ̀. Carroll rí i pé púpọ̀ nínú ọnà wa, ẹwà ilé ni, a kì í bọ ọ́. Ẹ wo ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí London ní 1924: Ògògà ló wà lára rẹ̀ tó ń gba ajẹ́lẹ̀ òyìnbó lálejò. Ta ni yóò bọ ajẹ́lẹ̀?

Carroll wá ní kí wọ́n fi ọnà náà sọ ìtàn Ìhìnrere. Àwọn amòye mẹ́ta tó wá kí Jésù di ọba tó dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí i rárá. Wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ló ń padà bọ̀. Iṣẹ́ Ọyẹ́ parí ní 1954, ṣùgbọ́n Carroll kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1967 ó tẹ ìwé kan jáde lórí iṣẹ́ ère gbígbẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ọdún 1993 ni ó kú. Lámídì Fákẹ́yẹ, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ní Ọyẹ́, tó sì jẹ́ Mùsùlùmí, ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn.