Bobby Benson: Ọmọ Ìkòròdú tó sọ olórin di onílé ní Èkó

Kí Èkó tó ní àwọn gbọ̀ngàn ńlá tí olórin ti ń ṣeré lónìí, ilé ijó kan wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú tí àwọn olólùfẹ́ fàájì máa ń wọ́ lọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Caban Bamboo ni wọ́n ń pè é. Olórin ló dá a sílẹ̀, Bobby Benson sì ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 14, oṣù Karùn-ún, ọdún 1983 ni Benson jáde láyé, lẹ́ni ọdún 61. Ó ti lé ní 40 ọdún báyìí. Àwọn àgbà ṣì mọ orin rẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n ipa tí ilé ijó rẹ̀ kó nínú ìtàn orin wa ti ń parẹ́ lọ́kàn àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí àwọn ará òkèèrè ń fi owó gọbọi ra ife àti páálí ìṣáná tó ti inú ilé ọtí àtijọ́ wọn jáde, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a fi pamọ́ nínú tiwa.

Ọmọ ilé ọlá tó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́

Ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 1922 ni wọ́n bí Bernard Olabinjo Benson sínú ìdílé ńlá kan ní Ìkòròdú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, T.O.S. Benson, di agbẹjọ́rò àti olóṣèlú, ó sì di mínísítà fún ètò ìròyìn lásìkò tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Irú ọ̀nà yìí ni ayé ń retí pé kí ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ tọ̀: kí ó kàwé, kí ó rí iṣẹ́ gidi ṣe, kí orúkọ ìdílé má bàá wọ́lẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni Bernard gbà. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ girama, ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ó kan ẹ̀ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di atukọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń kó ẹrù láti ilẹ̀ dé ilẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ohun tó padà ṣe ti tóbi tó gbọ́dọ̀ rántí ojú tí àwọn Yorùbá fi ń wo olórin nígbà náà. Alágbe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Wọ́n á pè é síbi ìsìnkú tàbí ìsọmọlórúkọ, yóò ki onílé, yóò ki àlejò, wọ́n á sì náwó fún un, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba bàbá ló máa fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fún un. Ẹnu ọ̀nà ilé onílé ni olórin ti ń jẹun. Bí onílé bá ní ó tó, ó tó nìyẹn.

Láti inú ọkọ̀ dé orí ìtàgé

Ní ọdún 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣì ń jà, Benson fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìlú London. Ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ oníjó kan tí wọ́n ń pè ní Negro Ballet, ó sì bá wọn ṣeré dé àwọn olú ìlú mélòó kan ní Yúróòpù. Ẹ̀kọ́ tó mú bọ̀ láti orí ìtàgé yẹn hàn nínú gbogbo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà: ẹni tó sanwó wọlé wá gbọ́ orin tún fẹ́ kí ojú òun rí nǹkan, kí òun rẹ́rìn-ín, kí ẹnu sì ya òun.

Ọdún 1947 ló padà sí Nàìjíríà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Cassandra, tí ẹ̀jẹ̀ Scotland àti ti erékùṣù Kàríbíánì pàdé lára rẹ̀. Tọkọtaya náà dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ àwọn méjèèjì pè é. Benson ń ta gìtá, ó ń fọn sasofóònù, Cassandra sì ń jó.

Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ eléré náà fi bí ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n sọ ní Jam Session. Orin ijó òkè òkun bíi swing, jive, samba àti kàlípísò ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tó ń kọ ìtàn orin wa sì ka Benson mọ́ àwọn tó kọ́kọ́ mú gìtá oníná wá sí ojú agbo ní Nàìjíríà.

Háíláìfù wọ Èkó

Etíkun Ghana, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ni háíláìfù ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni E.T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Tempos, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣeré ní Nàìjíríà. Kàkàkí òyìnbó àti sasofóònù wà nínú orin wọn, ṣùgbọ́n ìlù Áfíríkà ló ń darí rẹ̀. Ẹni tó wọ kóòtù lè jó o, ẹni tó wọ agbádá náà lè jó o. Benson rí i pé ibẹ̀ ni ayé ń lọ, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 11 rẹ̀ sì yí padà sí háíláìfù.

“Taxi Driver” ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Orin náà fi ìfẹ́ àti ìgbéyàwó awakọ̀ taksí dá àwọn ènìyàn lára yá, ó sì bá àkókò rẹ̀ mu. Àwọn tó ń ti ìlú kéékèèké wá sí Èkó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, awakọ̀ taksí sì jẹ́ irú ènìyàn tuntun tí ìlú ńlá bí, tó ń rí owó sápò lójoojúmọ́ láìní oyè tàbí ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni “Gentleman Bobby”, “Mafe”, “Nylon Dress” àti “Niger Mambo” tẹ̀lé e.

“Niger Mambo” yìí rìn jìnnà. Randy Weston, àgbà onídùùrù jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà tó wá sí Èkó ní ọdún 1961, fi orin náà sínú àwo rẹ̀ tí wọ́n pè ní Highlife, èyí tó jáde ní ọdún 1963. Bẹ́ẹ̀ ni orin ọmọ Ìkòròdú ṣe wọ inú àkójọ orin jáàsì àgbáyé.

Caban Bamboo: olórin di onílé

Ní ayé ìgbà náà, onílé ọtí ló sábà máa ń gba ẹgbẹ́ akọrin síṣẹ́. Nígbà mìíràn, onílé ọtí kan náà ló ni gìtá, ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n ń lò. Bí òun àti olórí ẹgbẹ́ bá jà, olórin á jáde lọ́wọ́ òfo, ọkùnrin mìíràn á sì wọlé wá fọn fèrè kan náà. Ẹni tó kó èrò wá kọ́ ló ń kó èrè lọ.

Nígbà tí Benson dá Caban Bamboo sílẹ̀, ó yí ètò yìí padà. Òun ló ni ilé, òun ló ni agbo, òun ló sì ń pinnu ẹni tí yóò gun orí ìtàgé. Ọmọ ilé ọlá tí wọ́n lè pè ní alágbe ti di ẹni tí àwọn ọlọ́lá ń sanwó fún kí wọ́n tó wọlé. Àwọn mìíràn tọ ipa ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Victor Olaiya, tó ti bá Benson ṣeré rí, dá Stadium Hotel sílẹ̀ ní Sùúrùlérè. Nígbà tó yá, Fẹlá Aníkúlápó Kútì sọ ilé ijó tirẹ̀ di Shrine, níbi tó ti ń sọ ohun tó wù ú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kankan.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀dọ̀ Benson tún jẹ́. Lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tàbí tó gba ìtọ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Roy Chicago, tó fi gángan sínú háíláìfù. Eddy Okonta àti Zeal Onyia, àwọn afọnkàkàkí. Bayo Martins, onílù. Rex Lawson, tó fi èdè Kalabari kọrin tí gbogbo Nàìjíríà sì jó. Àti Victor Uwaifo ọmọ Benin, tí “Joromi” gba ẹ̀bùn àwo wúrà fún. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti wá: ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ Ìgbò, etí odò ní ìlà-oòrùn, àti Benin. Ojú agbo kan náà ni wọ́n ti ń pàdé.

Ọparun tiwa àti ọparun tiwọn

Ọparun ni ìtumọ̀ “bamboo” tó wà nínú orúkọ ilé ijó náà. Kì í ṣe Èkó nìkan ni ọparun ti jẹ́ àmì fàájì láyé ìgbà náà. Ní ìlú Hollywood ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1933, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ernest Gantt ṣí ilé ọtí Don the Beachcomber. Ní ọdún 1934, Victor Bergeron ṣí tirẹ̀ ní Oakland, èyí tó padà di Trader Vic's. Ọparun, koríko gbígbẹ àti àwòrán ère àwọn ará erékùṣù Pàsífíìkì ni wọ́n fi ń ṣe inú ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́, kí ẹni tó wọlé lè rò pé òun ti dé etí òkun tó jìnnà. Tiki ni wọ́n ń pe irú ilé ọtí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Pàsífíìkì tó ni ère kọ́ ló ni ilé ọtí, ìyẹn sì ń fa àríyànjiyàn títí di òní.

Àṣà fífi ilé ṣe àfarawé ilẹ̀ ibòmíràn kò tíì tán. Ní Fourways, ní àríwá Johannesburg, ilé fàájì ńlá Montecasino tó ṣí ní ọdún 2000 ni wọ́n kọ́ bí ìlú àtijọ́ ní Tuscany, ilẹ̀ Ítálì, tí wọ́n sì kun àjà rẹ̀ bí ojú ọ̀run. Ti Benson yàtọ̀ ní ohun kan: ọparun ń hù ní Ìkòròdú. Àwọn tó ń jó lábẹ́ orúkọ rẹ̀ kò ṣe bí ẹni tó wà ní ilẹ̀ mìíràn. Èkó ni wọ́n wà, orin Èkó ni wọ́n sì ń jó.

Nígbà tí ayé tiki wọ̀ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n wó ọ̀pọ̀ àwọn ilé ọtí náà. Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1990, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ṣẹ́kù nínú wọn: ife amọ̀ tí wọ́n mọ bí orí ère, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ohun mímu àti iye rẹ̀ sí, páálí ìṣáná, àti igi tí wọ́n fi ń ro ọtí pọ̀. Ohun tí ẹnìkan ti kó lọ sílé láìrò ó ti di ọjà tí wọ́n ń dowó lé. Nípasẹ̀ àwọn nǹkan kéékèèké yìí ni àwọn òpìtàn fi mọ ọdún tí ilé kan ṣí, ẹni tó ya ère rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀.

Ogun abẹ́lé àti ọjọ́ ìkẹyìn

Ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967 ṣe háíláìfù ní ọṣẹ́ ní Èkó. Ọ̀pọ̀ olórin tó jẹ́ ọmọ ìlà-oòrùn padà sí ilẹ̀ wọn, àwọn ẹgbẹ́ akọrin sì tú ká. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1970, orin jùjú ti gba ojú agbo, orin Fẹlá náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Benson kò jókòó ti ohun tó ti lọ. Ó sọ Caban Bamboo di hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì pè é ní Hotel Bobby. Ní àwọn ọdún 1970, ó gba orí amóhùnmáwòrán lọ pẹ̀lú ètò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ níbi tó ti ń dẹ́rìn-ín pa àwọn ènìyàn, tó ń kọrin, tó sì ń pidán. Ohun tó kọ́ ní orí ìtàgé Yúróòpù ló ń gbé wọ inú ilé àwọn tí kò tíì tẹ ẹsẹ̀ sí ilé ijó rí. Ó fẹ́ ìyàwó púpọ̀, ọmọ rẹ̀ sì ju mẹ́wàá lọ. Èkó ló kú sí.

Ohun tó ṣẹ́kù

Ohun tó dájú jù lọ tí a fi lè rí Bobby Benson lónìí ni àwo orin. Àwọn àwo àkọ́kọ́ ti ìgbà rẹ̀ ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, orin nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ló sì ń wà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ni wọ́n pò mọ́ èròjà mìíràn láti fi ṣe é. Bí ó bá já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ó ti fọ́ nìyẹn. Bí ẹnìkan bá sì fi abẹ́rẹ́ tí kò bá a mu gbé e, orin inú rẹ̀ á máa ha dànù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣa irú àwo yìí jọ wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Wọ́n ń rà á, wọ́n ń tún orin inú rẹ̀ gbà sílẹ̀, wọ́n sì ń tà á padà fún ayé. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, nítorí pé láìsí wọn, àwọn orin mìíràn ì bá ti sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ́jú ohun ìrántí ló máa ń sọ ìtàn rẹ̀, ẹni tó bá sì ń gbé òkèèrè kò lè mọ ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Benson nínú fọ́tò, tàbí àdúgbò tí onílù rẹ̀ ń gbé. Àwọn ẹbí àti aládùúgbò ló mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó da àpótí bàbá àgbà nù, kí ó wo inú rẹ̀. Fọ́tò òde ijó, ìwé ìkéde tí wọ́n fi pe èrò, ìwé ìwọlé tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, àwo orin tí kò ní páálí mọ́: gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rí. Kí ó kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Benson ti ṣe tirẹ̀: ó gba olórin kúrò ní ẹnu ọ̀nà onílé, ó fún un ní ilé tirẹ̀. Kí ilé náà má di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè júwe mọ́, ọwọ́ àwa tó kù ló wà.