Andrew Carnegie, Ọmọ Ahunṣọ

Oríṣìíríṣìí nǹkan ni í mú kí ènìyàn kó kúrò ní ìlú tí a gbé bí i. Ogun a máa lé àwọn kan, ìyàn a máa lé àwọn mìíràn, òwò a sì máa gbé ẹlòmíràn lọ títí yóò fi di ará ibi tí ó lọ. Ní ti ìdílé Andrew Carnegie, ẹ̀rọ ni ó lé wọn kúrò ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1835 ni a bí Andrew ní ìlú Dunfermline. Ahunṣọ ni William baba rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé ni òfì wà, òkè ni ìdílé náà ń gbé, ariwo òfì sì ni ọmọ náà ń gbọ́ láti ìgbà tí ó ti wà ní ìkókó. Àwọn ará Dunfermline lókìkí fún aṣọ orí tábìlì tí ó níye lórí, ẹni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ náà dáradára a máa rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nídìí rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn olówó kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá, wọ́n sì kó òfì tí ooru omi gbígbóná ń yí sínú wọn. Aṣọ tí ó ń ti ibẹ̀ jáde pọ̀, kò sì wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tí ń gbé iṣẹ́ wá fún William ń dín kù, títí ó fi di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wá mọ́. Margaret ìyàwó rẹ̀ ṣí ìsọ̀ kékeré kan, ó sì ń rán bàtà ní òru kí ebi má baà pa àwọn ọmọ.

Àwọn ọmọ ìyá Margaret ti ṣáájú lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1848, William àti Margaret pinnu láti tẹ̀lé wọn. Wọ́n ta òfì àti ẹrù ilé ní gbàǹjo, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n rí kò tó owó ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ ìdílé náà kan ni ó yá wọn ní £20. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n wọ ọkọ̀ onígbòkun ní Glasgow: baba, ìyá, Andrew tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, àti Tom àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí òkun, wọ́n gúnlẹ̀ sí New York, wọ́n sì tún rin ìrìn-àjò gígùn kí wọ́n tó dé Allegheny, ìlú tí odò pààlà láàrin òun àti Pittsburgh. Níbẹ̀ ni ọmọ ìyá Margaret kan ti yọ̀ǹda yàrá méjì fún wọn láìgba owó ilé.

Ilẹ̀ àjèjì kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. William tún gbé òfì kalẹ̀, ó ń hun aṣọ orí tábìlì, ó sì ń kiri rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, ṣùgbọ́n èrè kò sí níbẹ̀. Ó wá wọ ilé iṣẹ́ òwú, ó sì mú Andrew dání. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ń jáde, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí wọ́n tó padà. Dọ́là kan àti ogún sẹ́ǹtì ni ọmọ náà ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kan. Baba kò lè fara da irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí. Ó padà sídìí òfì rẹ̀ tí kò mú owó wá, ó sì kú ní ọdún 1855, kò rí ọrọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ní níkẹyìn.

Andrew ní tirẹ̀ rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì wáyà ní Pittsburgh, ó ń jíṣẹ́ kiri ìlú fún dọ́là méjì àbọ̀ ní ọ̀sẹ̀. Àlejò ni, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọn yóò lé òun bí òun kò bá mọ ọ̀nà. Nítorí náà ó kọ́ orúkọ àwọn òpópónà àti ti àwọn ilé ìtajà sórí lẹ́sẹẹsẹ. Lẹ́yìn náà ó kọ́ ojú àwọn oníṣòwò, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè jíṣẹ́ fún wọn bí ó bá pàdé wọn lójú ọ̀nà. Ó tún kọ́ bí a ti ń fi etí lásán gbọ́ ohun tí wáyà ń sọ, èyí tí àwọn díẹ̀ péré lè ṣe nígbà náà. Ọgbọ́n yìí ni ó gbé e dé iṣẹ́ rélùwéè Pennsylvania ní ọdún 1853, níbi tí ó ti ń gba dọ́là 35 lóṣù.

Kò sí owó tí Andrew yóò fi padà sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní Allegheny, Kọ́nẹ́ẹ̀lì James Anderson, tí ó ní ìwé bí 400. Ní ọjọọjọ́ Sátidé ó ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn ọmọdékùnrin tí ń ṣiṣẹ́, kí olúkúlùkù wá yá ìwé kan lọ, kí ó sì dá a padà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ àwọn ọmọ tí ń jíṣẹ́ wáyà sẹ́yìn, Andrew kọ̀wé sí ìwé ìròyìn láti fi ẹ̀hónú rẹ̀ hàn, wọ́n sì gbà wọ́n láàyè.

Láti iṣẹ́ rélùwéè, Andrew bọ́ sí iṣẹ́ afárá onírin, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí iṣẹ́ irin líle. Ilé iṣẹ́ irin líle rẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1875, nígbà tí ojú irin ń tàn ká gbogbo Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1901 ó ta gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní mílíọ̀nù dọ́là 480.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi apá kan ìtàn náà pamọ́. Ní Skọ́tíláǹdì, William baba rẹ̀ wà lára àwọn tí ń jà pé kí mẹ̀kúnnù ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ní ọdún 1892, àwọn alábòójútó ilé iṣẹ́ Andrew ní Homestead fẹ́ dín owó òṣìṣẹ́ kù, òun náà sì ti fi ọwọ́ sí i pé kí wọ́n má bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn mọ́. Ó wà ní Skọ́tíláǹdì nígbà tí Henry Frick, ẹni tí ó fi ṣe olórí níbẹ̀, ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, tí ó sì gba ẹ̀ṣọ́ bí 300. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje, ìjà bẹ́ sílẹ̀ létí odò, àwọn ènìyàn sì kú ní ìhà méjèèjì. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà jẹ́ àjèjì tí ó wá iṣẹ́ wá sí Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí ìdílé Carnegie ti wá.

Andrew ti kọ́ ilé ìkàwé kan fún Dunfermline ìlú rẹ̀ ní ọdún 1883. Lẹ́yìn tí ó fi òwò sílẹ̀, ọrẹ ṣíṣe ni ó gbájú mọ́. Ilé ìkàwé tí a fi owó rẹ̀ kọ́ ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti ibòmíràn lé ní 2,500, ó sì gbé ohun ìrántí kan kalẹ̀ ní Allegheny fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì Anderson. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1919, ó ti fi ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 350 tọrẹ.

Àwọn kan sọ pé ọrẹ náà bo ọ̀ràn Homestead mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan dájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìtàn yìí: àjèjì kì í dá nìkan fìdí múlẹ̀. Owó ọ̀rẹ́, yàrá ọmọ ìyá àti ìwé Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni ó gbé ọmọ ahunṣọ yìí ró kí agbára tirẹ̀ tó hàn. Ẹni tí a bá ràn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì, nígbà tí ó bá di ọ̀gá, ó yẹ kí ó máa rántí ẹni tí ó ṣì wà nídìí òfì.